Èémí Inú Ọkọ̀ Bàbá Kòníírì

Bí a bá ń ka àwọn tó máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn yangàn, tí a kò bá kọ́kọ́ dárúkọ Bàbá Kòníírì, a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni baba náà ń kàn, ọkọ̀ onírin. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri títí ó fi funfun bí òwú, bí ó bá ti kan ọkọ̀ kan tán, tí wọ́n sì tì í wọ omi, yóò dúró létí bèbè, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò sì kígbe pé, "Kò níí rì!" Bí ìnagijẹ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Ká má sì purọ́ mọ́ baba oníbaba, òótọ́ ló ń sọ. Ìjì ti gbé ọ̀kan lára ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu àpáta rí, ọkọ̀ ńlá kan sì ti fi imú gún òmíràn níhà, síbẹ̀ gbogbo èrò inú wọn ló padà délé jẹun alẹ́ wọn.

Ẹlẹ́dàá wá wo baba yìí títí, ó fún un ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Iṣẹ́ tí ọmọ náà sì yàn láàyò ni kí ó máa ri ọkọ̀ sínú òkun.

Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá ń pa yín. Gbogbo àdúgbò ti rín tiwọn. Bí baba bá ń kọjá lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Ẹ̀yin ń kàn, ọmọ yín ń rì. Ta ni iṣẹ́ máa kọ́kọ́ sú nínú yín?" Baba á pòṣé, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Òmùwẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ náà níbi iṣẹ́. Òun ni olórí àwọn tó ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi rọ́bà sẹ́nu mí, tí wọ́n sì ń lọ sísàlẹ̀ òkun bí ẹni tó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe. Ọkọ̀ tó ti darúgbó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí olówó rẹ̀ ò fẹ́ mọ́, irú rẹ̀ ló ń rì. Ìsàlẹ̀ òkun tó wà níwájú èbúté wọn, yanrìn lásán ni. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí àpáta, kò sí kòtò, kò sí ibi tí ẹja lè sá pamọ́ sí tàbí kí ó yé ẹyin sí. Àwọ̀n ńláńlá tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ti gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn apẹja á wakọ̀ títí ojú wọn ò fi ní rí ilẹ̀ mọ́, ẹja tó tó ìka ọwọ́ ni wọ́n á kó bọ̀. Nígbà tí Ọ̀gá Òmùwẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ri àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ síbẹ̀, koríko omi gbá irin mú, ìgbín òkun lẹ̀ mọ́ ọn, ẹja wẹ́wẹ́ wá jẹ koríko, ẹja ńlá wá jẹ ẹja wẹ́wẹ́. Abúlé Ẹja ni àwọn apẹja sọ ibẹ̀. Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n á wọ aṣọ rọ́bà, wọ́n á tẹ̀lé Ọ̀gá Òmùwẹ̀ lọ sísàlẹ̀ láti lọ wò ó.

Lílọ síbẹ̀ kì í sú òun fúnra rẹ̀. Yóò di okùn ìdákọ̀ró mú, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò máa gbọ́ èémí ara rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rọ́bà, ariwo ayé yóò sì dákẹ́ lókè. Omi á di àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ni imú ọkọ̀ àkọ́kọ́ á yọ, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ ńlá tẹ́lẹ̀. Ẹja aláwọ̀ fàdákà ń gba fèrèsé kan wọlé, wọ́n ń gba ìkejì jáde. Ẹja olójú kòǹgbà kan ti gba yàrá atukọ̀, á máa wo àwọn àlejò bí ẹni tí wọn ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀gá Òmùwẹ̀ a máa juwọ́ sí i. Orí rẹ̀ a máa wú níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Yóò wo yíká, yóò ní nínú ara rẹ̀ pé, "Èmi ni mo ṣe èyí," ẹ̀rín a sì jẹ́ kí omi yọ́ wọ inú awò ojú rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì wá wo ohun tó ń ṣe, ẹni náà sì ni bàbá rẹ̀. Ọmọ yìí ti mọ irin jó láti kékeré. Baba ti ń pè é ní àrólé níwájú àwọn òṣìṣẹ́, ó ti ń fi fìlà iṣẹ́ dé e lórí. Ọjọ́ tó bá àwọn òmùwẹ̀ kan lọ sísàlẹ̀ láti lọ tú okùn tó lọ́ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti lọ, kò sì padà sí ilé iṣẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà, bí baba bá ń sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ tí ọmọ bá wọlé, á yí ọ̀rọ̀ padà, á béèrè bóyá òjò máa rọ̀. Ìyẹn ló ń dun ọmọ náà. Kí ó bú òun, ó sàn. Ọ̀rọ̀ òjò yẹn ni kò lè fara dà.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akérò tó dé.

Nínú gbogbo ọkọ̀ tí Bàbá Kòníírì kàn, ọkọ̀ akérò ńlá yẹn ni àyò rẹ̀. Ó kàn án nígbà tí Ọ̀gá Òmùwẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ìyá ń gbé oúnjẹ wá sí ilé iṣẹ́. Ọkọ̀ náà kó èrò kọjá èbúté ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n fi ṣe afárá, tí gbogbo ènìyàn wá ń gba orí afárá kọjá. Wọ́n so ó mọ́ bèbè, ìpẹtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Níkẹyìn ọ̀gá èbúté ní òun fẹ́ ààyè òun: bí kò bá lọ sí Abúlé Ẹja, kí ó lọ sí ìléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ọ̀gá Òmùwẹ̀ ní kí wọ́n fún òun. Ìgbà tí ó sọ ọ́ tán ló wá rántí pé òun ṣì máa sọ ọ́ nílé.

Ó bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń mu tíì, ìyá rẹ̀ ń tẹ́tí sí ìròyìn lórí rédíò.

"Ìwọ lo fẹ́ ri ọkọ̀ mi," ni baba wí, kí ọmọ tó jókòó pàápàá. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé.

"Bàbá, bí a ò bá rì í, wọ́n máa gé e wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fi ṣe ìṣó."

"Ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ẹ! Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la ń sọ, ẹ ti gbé e dé orí ikú mi."

"Òwò tí àdá mọ̀ ní í ká a léyín. Mi ò tíì parí ẹ̀."

"Bí ẹ bá parí ẹ̀," ni ìyá wí, "ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ọkùnrin inú rédíò yìí ń sọ."

Baba bu tíì mu. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Mú un. Rì í, bí o bá lè rì í."

Ọ̀gá Òmùwẹ̀ rò pé yangàn àtijọ́ yẹn náà ni. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní bèbè. Wọ́n fọ gbogbo ọ́ìlì inú ọkọ̀ náà kúrò, wọ́n yọ wáyà, wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n sì gé fèrèsé fẹ̀ kí ẹni tó bá wẹ̀ wọ inú yàrá èyíkéyìí lè máa rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀nà àbájáde. Ìyẹn ni òfin Ọ̀gá Òmùwẹ̀. Kò sí ibi tó ṣókùnkùn tán nínú ọkọ̀ tí òun bá rì. Bàbá Kòníírì gbé àpótí ìjókòó wá síbẹ̀ láràárọ̀, ó jókòó, ó ń ṣọ́ wọn.

"Ẹ rọra o! Irin lẹ ń gé yẹn, kì í ṣe agolo mílíìkì!"

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó," ni Pẹ́pẹ́yẹ máa ń dá a lóhùn. Pẹ́pẹ́yẹ ni igbá kejì Ọ̀gá Òmùwẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tí wọ́n sọ lórúkọ yẹn nítorí bó ṣe máa ń rìn bí ó bá wọ bàtà rọ́bà àwọn òmùwẹ̀ tán.

Pẹ́pẹ́yẹ yìí náà ló rí àwọn nọ́ọ̀tì bàbà lábẹ́ ọ̀dà nígbà tó ń ha ara ọkọ̀, àwọn kan lápá ọ̀tún, àwọn kan lápá òsì, ìyókù nímú ọkọ̀. Ó fi sípánà sí ọ̀kan, ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Kò mì. Ó bọ́ síkejì, ó tún fà á.

"Ọ̀gá, àwọn nọ́ọ̀tì yìí ti di mọ́ irin. Bí mo ṣe ń fà á ló ń le sí i."

Ọ̀gá Òmùwẹ̀ wo bàbá rẹ̀. Baba gbójú sókè, ó ń wo àwọn ẹyẹ òkun bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ wọn.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni Ọ̀gá Òmùwẹ̀ wí. "Bóyá àwọn ló di egungun ọkọ̀ mú. Wọn ò dí wa lọ́wọ́."

Ọjọ́ tí wọ́n máa rì í pé, omi òkun dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkọ̀ àwọn apẹja kún ojú omi, àwọn kan gbé ìyàwó àti ọmọ wá. Bàbá Kòníírì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lọ̀, ó dé fìlà, ó sì wọ inú ọkọ̀ àwọn òmùwẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ akérò náà dé ẹ̀gbẹ́ Abúlé Ẹja, wọ́n fi ìdákọ̀ró dè é níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n ṣí àwọn fáàfù, wọ́n sì sún sẹ́yìn.

Omi wọlé. Ìdí ọkọ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́, àárín tẹ̀lé e, omi gun orí pèpéle tí àwọn èrò máa ń dúró sí. Àwọn ènìyàn mú fóònù dání, wọ́n ń ya àwòrán. Ni ọkọ̀ bá dúró.

Wọ́n retí. Kò lọ sílẹ̀, kò gòkè. Imú rẹ̀ yọ síta gbangba, ó kàn ń mì tìtì lójú kan. Wọ́n retí títí ọwọ́ àwọn tó ń ya àwòrán fi ro wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni apẹja kan fọwọ́ yí ẹnu ká láti ọ̀ọ́kán, ó kígbe pé, "Kò níí rì!" Gbogbo ojú omi sì gbà á: "Kò níí rì! Kò níí rì!" Àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ gbá ìhà ọkọ̀ wọn, ẹ̀rín ń bú. Bàbá Kòníírì dìde dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ojú rẹ̀ ń dán, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Tí ẹ bá rí i lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní lè bínú sí i.

Ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá èbúté ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

"Ọ̀gá Òmùwẹ̀, mo gbóríyìn fún yín, ṣùgbọ́n ẹ wo omi. Bí ó bá yí padà, ó máa fa nǹkan yìí já, ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá ló sì máa gbé e lọ. Kí omi tó yí, bí kò bá tíì wọlẹ̀, màá ní kí wọ́n wọ́ ọ padà, ìléru ló ń lọ. Abúlé Ẹja náà parí nìyẹn o. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ tún ri ohunkóhun síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ẹja olójú kòǹgbà, àwọn apẹja tó ń kó ẹja gidi wálé, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ imú irin tó ń mì tìtì yẹn. Ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́.

"Bàbá, kí lẹ fi sínú ọkọ̀ yẹn?"

Baba jókòó. Ó nu ojú. "Èémí."

"Èémí báwo?"

"Bàbá mi ṣe é, bàbá bàbá mi ṣe é. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí a bá kàn, a ń jó yàrá pa síbi kan, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé, afẹ́fẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Bí omi bá gba gbogbo ọkọ̀, kò lè gba ibẹ̀. Olówó ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ó bá mọ̀, á gbára lé e, á kó èrò méjì sí ààyè ẹnì kan. Ọmọ tó bá máa jogún ilé iṣẹ́ nìkan là ń sọ ọ́ fún." Ó na ìka sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo ní o ò ṣe."

"Gbogbo ayé ti rí i pé kò rì, Bàbá. Ẹ ti borí. Ṣùgbọ́n ẹni tó borí yẹn, ìléru ló ń lọ."

Baba yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń wo imú ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Òmùwẹ̀ dìde. Iṣẹ́ ló kù. "Pẹ́pẹ́yẹ, gbé ẹ̀rọ tá a fi ń gé irin lábẹ́ omi wá. A máa wá a fúnra wa."

"Níbo lo ti máa bẹ̀rẹ̀?" ni baba bi í.

"Apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ló dà bíi pé ó fúyẹ́."

"Bí o bá ṣí ọ̀tún láìṣí òsì, ó máa yí dà lé ọ lórí."

"Mi ò mọ̀. Ẹ ò sọ fún mi."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, bó ṣe rí ló sọ, ó sì ń so sílíńdà mọ́ ẹ̀yìn bó ṣe ń sọ ọ́. Baba wò ó. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń di bẹ́líìtì láìwò ó, kíá, láìṣì, bí ọwọ́ òun náà ṣe máa ń mú irin. Kò tíì rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ẹ̀rù bà á, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, orí rẹ̀ sì tún wú, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí yóò mú.

"Tó bá rì," ó ní, "ṣé ó máa dúró ni, àbí ó máa dùbúlẹ̀?"

"Bí mo bá mọ ibi tí èémí wà, ó máa dúró."

"Wá níbí."

Ó ṣí fìlà, ó fi bo ẹ̀gbẹ́ ojú àwọn méjèèjì, ó sì sọ̀rọ̀ sí ọmọ rẹ̀ létí. Àwọn èèyàn rí i pé ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Wọ́n rí i pé Ọ̀gá Òmùwẹ̀ mi orí, ó tún mi orí, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀.

"Sí ọ̀tún?"

"Sí ọ̀tún," ni baba wí. "Nọ́ọ̀tì gbogbo ayé, sí òsì ni wọ́n ń ṣí i. Ti ilé wa, sí ọ̀tún ni."

Pẹ́pẹ́yẹ la ẹnu sílẹ̀. "Ìyẹn ni pé gbogbo ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń fún un le?"

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Bàbá Kòníírì wí. "O fún un dáadáa."

"Bàbá," ni Ọ̀gá Òmùwẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "mi ò ní padà sí ilé iṣẹ́ o."

"Ta ló bi ọ́? Lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Ètò wọn rọrùn. Ìta ara ọkọ̀ ni àwọn nọ́ọ̀tì náà wà, ẹnikẹ́ni ò ní wọ inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní lọ sábẹ́ rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ á lọ sí òsì, Ọ̀gá Òmùwẹ̀ á lọ sí ọ̀tún. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ wà láàárín wọn, wọn ò lè rí ara wọn. Nítorí náà, wọ́n so okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ọwọ́, orí okùn méjèèjì sì wà lọ́wọ́ Bàbá Kòníírì nínú ọkọ̀. Òun ni yóò fà á. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òun ló máa pàṣẹ kí ọkọ̀ òun rì, ó kàn na ọwọ́, ó gbà á.

Ọ̀gá Òmùwẹ̀ ju ara rẹ̀ sínú omi. Nísàlẹ̀, ìhà ọkọ̀ náà dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri ilé. Ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà títí ó fi kan nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ó fi sípánà sí i, ó sì dúró. Ó ń mí. Okùn ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ó dẹ̀ pẹ́, ó pẹ́ débi pé ó rò pé bàbá òun kò ní lè ṣe é. Okùn sì fà á lọ́wọ́, ó fà á gbọn-in-gbọn-in.

Ó yí i sí ọ̀tún. Nọ́ọ̀tì tí gbogbo ọjọ́ yẹn kò mì, ó yí bí ẹni pé àná ni wọ́n fi gíríìsì sí i. Ó ṣí ti ìsàlẹ̀, ó ṣí ti òkè, afẹ́fẹ́ tú jáde pẹ̀lú ariwo, omi hó yí i ká títí kò fi rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta ìhà ọkọ̀, ó wẹ̀ kúrò níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn. Nígbà tó yọ orí síta, ọkọ̀ akérò náà ti tẹ́ sílẹ̀ dọ́gba, kò tẹ̀ sí ọ̀tún, kò tẹ̀ sí òsì, imú rẹ̀ nìkan ló ṣì gbé sókè díẹ̀.

Imú ló kẹ́yìn. Wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé e dé ibẹ̀. Ó yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu, ó na ọwọ́, ó yí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ó yí ti òkè. Afẹ́fẹ́ jáde, ó ń súfèé, ó fẹ́ sí i lójú. Ó ń rùn bí ọ̀dà àti èéfín irin jíjó. Afẹ́fẹ́ ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni, ti ọjọ́ tí wọ́n jó yàrá náà pa, nígbà tí òun wà lẹ́yìn ìyá òun níbẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì mí i láti ọjọ́ náà. Ó mí i sínú, ó mí i kún àyà, títí Pẹ́pẹ́yẹ fi ń pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sún sẹ́yìn!"

Wọ́n sún sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà wọlẹ̀ jẹ́ẹ́. Omi pàdé lórí rẹ̀, ó hó fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́. Àwọn apẹja ń ṣí fìlà. Bàbá Kòníírì jókòó pẹ̀lú okùn méjì lọ́wọ́, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n jẹ́ kí iyanrìn rọlẹ̀ dáadáa kí Ọ̀gá Òmùwẹ̀ tó tún lọ sísàlẹ̀. Ó gba okùn sọ̀ kalẹ̀. Omi di àwọ̀ ewé. Ó kọ́kọ́ rí òrùlé, lẹ́yìn náà ó rí fèrèsé tí wọ́n gé fẹ̀, lẹ́yìn náà ó rí i lódindi. Ó dúró. Ọkọ̀ náà dúró ṣánṣán lórí yanrìn, bí ìgbà tó ń dúró de èrò. Ó wẹ̀ yí i ká, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí èyí tó là. Nínú àwọn ọkọ̀ tó kù ní Abúlé Ẹja, òmíràn fọ́ sí méjì kí ó tó délẹ̀, òmíràn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èyí kò ya rárá. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé, ẹni tó kan èyí ló bí mi. Ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ fàdákà ti ń ti ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ bọ̀, wọ́n ń yọjú wo àwọn ìjókòó èrò.

Nígbà tó yọ orí síta, bàbá rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú jù débi pé àwọn méjì ló di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Ńkọ́?"

"Ó dúró."

"Ó dúró báwo?"

"Ṣánṣán, Bàbá. Ẹ lè gbé ife tíì yín lé orí rẹ̀, kò ní dà."

"Ojú ibi tí mo jó pọ̀ ńkọ́?"

"Mo fọwọ́ tọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan ò là."

Baba yí sí àwọn apẹja, ó yí sí ọ̀gá èbúté, kò nílò gbohùngbohùn. "Ẹ gbọ́ o! Ó dúró! Kò là! Ọmọ mi obìnrin ló rì í, ẹ má sọ pé ẹnì kan ló rì í o, ẹ sọ pé ọmọ mi! Ta ló tún lè rì í nínú gbogbo yín?"

"Kò sí!" ni àwọn apẹja dáhùn. Ọ̀gá èbúté pàápàá gbé ọwọ́ sókè.

Wọ́n fa Ọ̀gá Òmùwẹ̀ sínú ọkọ̀. Kò tíì tú bẹ́líìtì sílíńdà tán tí bàbá rẹ̀ fi di apá rẹ̀ mú.

"Jókòó. Ọkọ̀ akóyanrìn kan wà ní èbúté tó wà lẹ́yìn afárá, èmi ni mo kàn án. Wọ́n ti gbé e jù sínú ẹrẹ̀, ó ń jẹrà níbẹ̀. Lọ gbà á. Èémí tirẹ̀ nira ju ti eléyìí lọ, o ò ní lè dá a rí."

Pẹ́pẹ́yẹ sún mọ́ wọn.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Bàbá Kòníírì bi í. "Ṣé mo bí ọ?"

Pẹ́pẹ́yẹ fi ọwọ́ di etí méjèèjì, ó kọjú sí òkun. Baba ti ìka rẹ̀ bọ inú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọkọ̀ akóyanrìn náà sórí pákó ìjókòó, imú rẹ̀, ìdí rẹ̀, àwọn yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn. Oòrùn ń gbẹ ẹ́ bó ṣe ń yà á, ó ń tún ìka bọ omi, ó ń tún un yà. Ọmọ rẹ̀ tẹ orí ba, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí àwòrán náà, ó ní, "Ẹ dúró ná, Bàbá. Èwo la máa kọ́kọ́ ṣí?"